Ẹja Tinúadé àti Ìgò Ìfófòó

Òkè-Ogbò,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Rasheed Àjàní, ọmọ mi, ọkọ mi,

Asàlámù aláékùm. Ṣé dáadáa ni o jí, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ti dẹ́kun ariwo tí wọ́n ń pa mọ́ ọ? Alláà Ọba yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ kò níí kọ̀ nínú Èkó yẹn. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín ire, wọn ò níí pe orúkọ gbogbo èèyàn tán kí wọ́n gbàgbé tìrẹ. Tí o bá ń ka èyí lójú ọ̀nà, dúró kí o ṣe àmín náà dáadáa kí o tó máa lọ, mo mọ̀ ọ́, àti kékeré ni o ti máa ń fò ó.

Ìwé ni mo jókòó kọ sí ọ lónìí nítorí fóònù ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ rí. Bí mo bá ní Rasheed, wàá ní Mọ́mì, ẹja ńkọ́. Bí mo bá ní ẹja wà dáadáa, ṣùgbọ́n orúnkún mi yìí, wàá ní Mọ́mì, mo ń bọ̀, wọ́n ń pè mí. Láti ọjọ́ tí o ti ní o ń bọ̀ yẹn, mi ò rí ọ. Bébà ní tiẹ̀ kì í sọ pé wọ́n ń pe òun, ó ń wò mí níbí báyìí, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo ń sọ.

Ilé wà ní àlàáfíà. Wọ́n ti bá mi tún igun òrùlé tó ń jò ṣe, ó wá ń jò ní igun kejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá iwájú ti kó wọlé padà, ọmọlúàbí ni wọ́n, orin wọn nìkan ni kò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tó ń rò. Ìyá Oyèlárán, ará ilé kejì wa, ní kí n kí ọ, ó ní ewúrẹ́ òun ti bí ìbejì, ó sì béèrè bóyá ìwọ náà ti ń gbèrò nǹkan kan. Mo ní kí ó bi ẹja.

Ó yá, jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹja kí o má baà fò dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Ọjọ́ tí o gbé wọn wá, tí o ń já àpótí gíláàsì tó gùn tó bẹ́ǹṣì, tí o ń já òkúta, tí o ń já iyọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo rò pé ẹja tí yóò jáde nínú ẹrù yìí yóò bọ́ gbogbo àdúgbò. Ìgbà tí o wá mú wọn jáde, ẹja òkun méjì péré, pupa bí epo tuntun, wọ́n de ìgbànú funfun, wọn ò tó ohun tí ológbò yóò fi nu ẹnu. O ní Tinúadé ló ni wọ́n, ọmọbìnrin Iléṣà tí o fẹ́ fẹ́ tí mi ò tíì fojú kàn. O ní ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kan ní Gáná, ó fi wọ́n síkàáwọ́ rẹ, iṣẹ́ sì ń gbé ọ kiri, kò sí ẹni tí yóò máa fún wọn lóúnjẹ. O wá rọra sún mọ́ mi, o ní Mọ́mì, tí ẹja yìí bá kú, ọ̀rọ̀ èmi àti Tinúadé ti parí nìyẹn. Háà! Ìyàwó tí mo ti ń fi ìrun márààrún bẹ Ọlọ́run fún, ọrùn ẹja méjì ni o so ó mọ́! Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Sólà tí o fi sórí òrùlé fún fáànù mi, ẹja ló ń jẹ ẹ́, èmi ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra.

O rántí pé ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí omi wọn mọ́ tẹ́lẹ̀ ti sán lójú ọ̀nà, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàbí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. O ní a gbọ́dọ̀ ra tuntun kíá, o ní orúkọ rẹ̀ ni pùròtíìnì sìkímà, o fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ pé kí n yan ọ̀kan, nítorí èmi ni mo ń rí àyè tó wà. Ọ̀kan ń jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ àpótí, ọ̀kan ń so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní ti ẹ̀yìn ni kí o rà. Abẹ́ àpótí ni àwo mi wà, ohun tí wọ́n sì tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ta ni yóò mọ ìgbà tó ń sunkún? Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá pọ̀n, ìyá kì í gbàgbé rẹ̀. O ní Mọ́mì, a kì í yan ẹ̀rọ báyẹn, bí omi ṣe pọ̀ tó ni à ń wò, kí ẹ̀rọ sì ju omi lọ díẹ̀. Mo ní ṣé bí mo ṣe ń rán aṣọ ilé-ìwé rẹ náà nìyẹn, tí mo ń fi àyè sílẹ̀ kí o lè dàgbà sí i. O rẹ́rìn-ín, o wá ra ti ẹ̀yìn. Mo ti fi àtẹ́lẹwọ́ wọn àlàfo tó wà láàárín ògiri àti gíláàsì kí n tó sọ̀rọ̀, mi ò kàn ń sọ̀rọ̀ ni.

Ẹni tó gbé e wá lórí ọ̀kadà ní kí n fi ìka kọ orúkọ mi sójú fóònù òun. Mo kọ ọ́ tán, mo rí i pé mo ti dọ̀tí gíláàsì ọmọ ọlọ́mọ, mo fi ìborùn mi nù ún mọ́ tónítóní. Ó ní Mọ́mì, ẹ ti pa á rẹ́, ẹ tún un kọ. Mo tún un kọ, mo tún un nù. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó ní kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù. Mo ní àmín.

Ìwọ lo wá ń tọ́ mi sọ́nà lórí fóònù. Ẹ gbé e kọ́. Ẹ jẹ́ kó dúró gbọọrọ. Ẹ bu omi sí i lẹ́nu. Ẹ tan iná. Yéè! Ó gbọ̀n, ó kùn, ó ń pọ ìfófòó kéékèèké sínú omi títí mi ò fi rí ẹja mọ́, ìfófòó funfun sì ń ya dànù sínú ife tó wà lórí rẹ̀ bí ẹni da omi ọṣẹ. Mo pariwo. O ní kí n má mikàn, bí tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn, yóò rọlẹ̀ tó bá mọ ilé, kí n kàn máa yí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé díẹ̀díẹ̀. O ní tó bá yá, yóò máa fa pùròtíìnì inú omi jáde sínú ife òkè yẹn, tí ife bá sì ti kún, kí n ṣáà... ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbé ọ lọ.

Rasheed, mo jókòó, mo ro ó. Nọ́ọ̀sì tó ń wo orúnkún mi ti sọ fún mi pé pùròtíìnì ni àgbàlagbà nílò jù, kí n jẹ ẹyin, kí n jẹ ẹ̀wà, kí n jẹ ẹja. Ẹja gan-an ló wà níwájú mi yìí, ẹ̀rọ sì ń fa pùròtíìnì rẹ̀ sókè. Mo wo bí ìfófòó yẹn ṣe ń gun ọrùn ẹ̀rọ lọ, ni ojú mi bá là. Ẹkù ni! Ẹkù tí mo ti ṣe epo tí mo fi rán ọ níwèé, ṣé o ti gbàgbé? Ìgbà tí a bá tẹ ẹyìn tán, tí a bu omi lé e, tí a rú u, kí ló ń léfòó? Ìfófòó ni. Inú rẹ̀ ni epo wà. Òun ni à ń fi igbá kó jọ, tí a ó lọ sè, omi tó kù nísàlẹ̀ ni à ń dà nù. Ọ̀lẹ tí kò mọ iṣẹ́ ló ń da ìfófòó nù. Mo ní áà, ọmọ mi lóye o, ó ti ra ẹkù kékeré fún ẹja.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fọwọ́ mú un. Mo mọ ìfófòó tó kún fún omi, mo mọ èyí tó ti ki. Bí ó bá ń ya yàà, tó funfun, kò tíì ṣe nǹkan kan, mo máa ń dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù. Bí ó bá lọ́ra tó dúró sọ́rùn ẹ̀rọ, mo ń fún un sí i. Ó wá ń gòkè jẹ́ẹ́jẹ́, ó ki, ó pọ́n bí tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, omi ìsàlẹ̀ sì mọ́ gaara, àwọn ẹja ń ṣeré. Mo ra ìgò, mo fọ̀ wọ́n, mo ń rọ ohun tó wà nínú ife sínú wọn, mo ń kó wọn sínú fìríìsà. Ó ń rùn díẹ̀, mi ò níí purọ́. Ṣùgbọ́n irú náà ń rùn, a sì ń jẹ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí o bá pè, wàá ní Mọ́mì, ṣé ife ń kún? Mo ní ó ń kún. Wàá ní Mọ́mì, ẹ káre. O ò bi mí lọ́jọ́ kan pé ibo ni mo ń kó o lọ.

Ìgbà kan wà tó fẹ́ bà jẹ́. Mo ń wọn epo fún oníbàárà kan, mo wo àpótí, mo rí i pé òkúta kan ti yẹ̀, mo nu ọwọ́ mọ́ ìró mi, mo ki ọwọ́ bọ omi, mo tún un tò. Kí n tó padà jókòó, ìfófòó ti rọlẹ̀. Ẹ̀rọ ń kùn, kò sí ohun tó ń gòkè, ife gbẹ. Ọjọ́ kejì, omi ti ń ṣú díẹ̀, ọ̀kan nínú ẹja sì dúró sójú kan ní igun. Mo ní ìyàwó ti ń lọ o! Mo pè ọ́, o ní kí n yọ iná, kí n fọ pọ́ọ̀ǹpù. Mo fọ̀ ọ́, òfo. Oúnjẹ ò wọlé fún mi. Ìgbà tí mo wá gbé ẹ̀wà kaná, ó ń hó, ó fẹ́ hó dànù, mo ta epo díẹ̀ sí i bí mo ṣe máa ń ṣe, ìfófòó ẹ̀wà sì wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ju ṣíbí sílẹ̀. Epo ọwọ́ mi ni! Èmi fúnra mi ni mo pa ìfófòó. Mo pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi, mo po iyọ̀ rẹ̀ bí o ṣe kọ́ mi, mo dúró. Ó ṣe díẹ̀, ọrùn ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, mo sì forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run. Ìbọ̀wọ́ bíi ti nọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ báyìí kí n tó fọwọ́ kan omi wọn. Ìyá Oyèlárán ní ṣé iṣẹ́ abẹ ni mo fẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ mú bíró ló kù yìí, má sì sọ pé wọ́n ń pè ọ́.

Nọ́ńbà kan pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohùn ọmọbìnrin, ó kí mi dáadáa, ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọ̀gá onímọ̀ ẹja tó ń gbé ní Mayfair ní Ifẹ̀ lẹ jẹ́? Mo ní rárá o, Òkè-Ogbò ni mo ń gbé, ìyá Rasheed alépo ni mí. Kò fọhùn. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo ń pariwo hẹ́lòó. Ó wá ní Rasheed sọ fún òun pé ọwọ́ onímọ̀ kan ní Mayfair ni ẹja òun wà, nọ́ńbà tó fún òun nìyí. Rasheed! O fi mí joyè, o ò sọ fún mi! Bí o bá ti sọ, ǹ bá ti kọ̀ ọ́, nítorí mi ò níí fi ọjọ́ alẹ́ mi purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo sọ òótọ́ fún un pé èmi ni mò ń tọ́jú wọn, pé fóònù ni ọmọ mi fi kọ́ mi títí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Ó ní òun ti dé láti Gáná. Ó ní òun ń bọ̀ wá kó ẹja òun, pé ẹni tó bá lè purọ́ lórí ẹja yóò purọ́ lórí ohun tó ju ẹja lọ. Mo pè ọ́ lójú ẹsẹ̀ láti sọ fún ọ. O ní Mọ́mì, mo ń bọ̀, wọ́n ń pè mí.

Ó dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tì pa bí ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ Àìkú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan tó ní ìdérí ló gbé dání, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn lójú ọ̀nà. Mo gbé omi fún un, kò mu. Ó lọ lóṣòó síwájú àpótí, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ọmọ Iléṣà ni lóòótọ́, òṣómàáló, kò ní dìde títí yóò fi gba ohun tó wá gbà. Mo ń wo bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn bí ẹni ń wo pósí.

Àwọn ẹja sì sáré wá bá a! Wọ́n ń gbọ̀n ara wọn lójú gíláàsì níwájú rẹ̀. Ó ní èyí tó tóbi ni ìyàwó, kékeré ni ọkọ, òun ló ń tẹ̀ lé ìyàwó kiri. Mo ní bíi ti ọmọ mi. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i tí ẹnu rẹ̀ mì. Ó tan iná fóònù, ó wo inú omi, ó wo òkúta, ó wá wo ẹ̀yìn níbi tí ẹ̀rọ so mọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní ta ló ṣe é tó fi ń yọ báyìí? Mo ní èmi ni. Ó ní ti òun ní Èkó ò yọ báyìí rí, tí òun bá yí i díẹ̀, á kún àkúnya, tí òun bá dá a padà, á gbẹ. Mo ní o ò ní sùúrù fún un ni. Ó ní Mọ́mì, ibo lẹ ń da ohun tó ń yọ sí?

Mo dìde tayọ̀tayọ̀, mo ṣí fìríìsà.

Ó wo ìgò, ó wo mí, ó tún wo ìgò. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹkù fún un látòkè délẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sá jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé èébì ń gbé e ni, mo gbé omi tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín ni! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkúta ìfọṣọ, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń pe orúkọ rẹ, ó ń lu itan. Ìgbà tí ó nu ojú tán ló gba omi ọwọ́ mi mu, ó jẹ iyán, ó sì béèrè ọbẹ̀ sí i.

Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ. Mo ní irọ́ ò dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ba Rasheed, kó má baà pàdánù rẹ. Mo ní bàbá rẹ̀, Ọlọ́run kẹ́ wọn, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gùn wá tọrọ mi, wọ́n yá a ni, lẹ́yìn ìyàwó ni mo tó rí olówó kẹ̀kẹ́ tó wá gbà á. Ó ní ṣé mo bínú. Mo ní mo bínú gan-an, ọdún yẹn ni mo sì bí Rasheed. Ó ní ẹja òun ò lọ mọ́, ibi tí ara ti tù wọ́n ni kí wọ́n wà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé wá kó ẹja, epo àti gàrí ni mo dì kún un. Ó ní tó bá di Iléyá, òun yóò wá bá mi dín ẹran bí òun tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́mì ló ń pè mí, ó sì ń jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, Rasheed, jọ̀ọ́ fi owó ránṣẹ́. Iyọ̀ ẹja ti fẹ́ẹ̀ tán, o sì ní ti ọjà Ẹnuwá ò dára fún wọn. Ìbọ̀wọ́ mi ti ya, oògùn orúnkún sì wà níbẹ̀ tí o bá rántí pé mo ní orúnkún. Èyí tí o fi ránṣẹ́ kọjá ṣì kù díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin oní-POS, mo ń kí i láràárọ̀ kí ó má baà gbàgbé pé owó mi wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọlọ́run yóò bùkún ọwọ́ tí o fi ń fúnni. Wàá kọ́lé, wàá fi ayọ̀ gbé inú rẹ̀, ohun tí o bá sì fẹ́ràn kò níí bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Awakọ̀ wa ní gáréèjì, Ọdẹ́wálé, ni mo fi gbogbo ìgò náà rán sí ọ pẹ̀lú ìwé yìí. Ó ní kí ló ń rùn báyìí, mo ní pùròtíìnì ni, ó gbé e sẹ́yìn búùtù. Tinúadé ló ní kí n má da ìkankan nù. Ó ní ìwọ gan-an ni ara rẹ nílò rẹ̀. Mo fẹ́ tọ́ ọ wò, ó yára di ọwọ́ mi mú, ó ní rárá, Mọ́mì, ti Rasheed ni. Ó ní kí o fi jẹ búrẹ́dì, kí o ṣe fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun, bí òun bá ti rí i pé o gbé e mì, òun yóò tún máa gbé ìpè rẹ. Mo wò ó, mo wo ìgò, mo dé e padà. Mo ti ta epo títí mo fi hu ewú, mo mọ èyí tó ti kan, mo sì mọ ìdọ̀tí ẹja tí mo bá rí i. Ṣùgbọ́n mi ò níí bá ìyàwó mi jiyàn lórí ohun tí ọkọ rẹ̀ yóò jẹ.

Má gbàgbé bísímílà kí o tó bù ú sẹ́nu.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sẹ̀kínát,
ọ̀gá onímọ̀ ẹja.